Ìpolówó ọjà àti àwọn ọ̀dọ́ wa: ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù lọ ní Àkúrẹ́

Ẹnu àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn la ti ń gbọ́ àwọn ìbéèrè yìí, láti Ọba-Ilé títí dé òpópónà Ọ̀dà, àti lọ́dọ̀ àwọn ará Oǹdó náà. Èyí tó rọrùn la fi ṣáájú, èyí tó le la fi gbẹ̀yìn.

Kí lẹ ń pè ní ìpolówó? Ṣé ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n náà ni?

Ìyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ni nínú rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹnì kan bá sanwó fún, tàbí tó torí rẹ̀ fún ẹlòmíì ní ọjà ọ̀fẹ́, kí àwa tí à ń wò tàbí tí à ń gbọ́ lè ra nǹkan, ká gba nǹkan gbọ́, tàbí ká dìbò fún ẹnì kan, ìpolówó ni.

Ẹ tẹ̀ lé ọmọ kan láti Ọjà Ọba gba òpópónà Ọba Adéṣidà lọ. Pátákó ńlá wà lókè. Ọkọ̀ alágbo ń fi gbohùngbohùn pariwo. Àwọ̀ iléeṣẹ́ fóònù wà lára agbòjò ẹni tó ń ta káàdì, orúkọ iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ sì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà mọ̀ pé ìpolówó ni gbogbo wọn. Ó wá délé, ó ṣí fóònù, aláwàdà tó fẹ́ràn ń ṣe síkíìtì. Láàárín eré, ìyá inú síkíìtì gbé páálí nudù kalẹ̀ sórí tábìlì, ó yí orúkọ tó wà lára páálí náà sí kámẹ́rà, eré sì ń bá a lọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìpolówó nìyẹn. Irú èyí tí kò jọ ìpolówó yìí ló ń wọ àwọn ọ̀dọ́ lára jù, nítorí pé ìgbà tí wọn ò ṣọ́ra ló ń bá wọn.

Láti ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ ti lè mọ̀ pé ìpolówó lòun ń wò?

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2004. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kì í sábà mọ̀ pé ẹni tó ń polówó ń wá bó ṣe máa yí òun lọ́kàn padà. Bó ṣe gbọ́ ọ náà ló ṣe máa gbà á. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, láti 1991 ni òfin ti sọ pé tẹlifíṣọ̀n kò gbọ́dọ̀ polówó ọjà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12.

Àmọ́ mímọ̀ nìkan kò tó. Ọmọ ọdún 15 mọ ìpolówó dáadáa. Ojú ẹgbẹ́ ló ń bá a jà. Bí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì bá ń wọ irú bàtà kan, ó máa wu òun náà, bó tilẹ̀ mọ ẹni tó fẹ́ kó wu òun.

Èmi kì í kọbi ara sí ìpolówó. Ṣé ó lè mú èmi náà?

Ó lè mú yín. Ní 1968, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Zajonc fi hàn pé ohun téèyàn bá ń rí léraléra máa ń wù ú ju ohun tí kò rí rí lọ. Tí wọ́n bá gbé ọṣẹ méjì síwájú yín ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Arákalẹ̀, tí iye wọn dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí ẹ ti ń gbọ́ orin rẹ̀ lórí rédíò lọ́wọ́ yín máa kọ́kọ́ lọ bá.

Báwo ni fóònù ṣe ń mọ ohun tó wu ọmọ mi? Àbí ó ń fetí sí wa ni?

Kò nílò kó fetí sí yín. Ohun tí ọmọ wò, bó ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀, ohun tó wá, ibi tó wà àti àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ti tó fún un. Ọmọ tó wo fídíò ìpara láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó sì fo ti ìṣirò, ti sọ tẹnu rẹ̀ láìlanu. Ohun tí Google, Facebook àti TikTok ń tà fún àwọn olówó ọjà ni pé àwọn mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n gbé ọjà náà lọ bá.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé fóònù màmá tàbí bàbá ni wọ́n ń lò, ẹ̀rọ sì rò pé àgbàlagbà ló ń wò ó. Nínú àkáǹtì Google yín, ẹ wá ibi tí wọ́n ń pè ní My Ad Center. Ẹ lè sọ níbẹ̀ pé ẹ ò fẹ́ máa rí ìpolówó ọtí, ti tẹ́tẹ́ tàbí ti oògùn tó ń dín sísanra kù. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ wá Google, ẹ wá Ads, kí ẹ pa nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa yín fún ìpolówó rẹ́. Kò ní pa gbogbo ìpolówó mọ́ yín lójú, àmọ́ ó máa dín in kù.

Òfin náà wà lẹ́yìn yín. Òfin ààbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa ẹni, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2023 sọ pé iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ gba àṣẹ láti lo dátà ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀.

Ọdún mélòó ni ọmọ gbọ́dọ̀ pé kó tó lè ní TikTok, Facebook tàbí Instagram?

Ọdún 13 ni àwọn iléeṣẹ́ náà fúnra wọn sọ. Lórí TikTok, ẹni tí kò tíì pé 16 kò lè gba ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ (DM), ẹni tí kò sì tíì pé 18 kò lè ṣe ìfihàn ojú ẹsẹ̀ (live). Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà tiẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2025, àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé 16 ní àkáǹtì níbẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ọjọ́ ìbí tí ọmọ bá kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ sábà máa ń gbà. Ọmọ ọdún 11 tó kọ ọ́ pé òun ti pé 21 ti di àgbà lójú rẹ̀, ìpolówó ọtí àti ti tẹ́tẹ́ lè máa wá a wá. Ẹ bi ọmọ yín ní ọjọ́ ìbí tó kọ síbẹ̀, kí ẹ sì jọ tún un ṣe. Ẹ má fi ìbínú ṣe é. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ọmọ mi kò lè gbé fóònù sílẹ̀?

Wọ́n ṣe é kó má ṣeé gbé sílẹ̀ ni. Láyé àtijọ́, ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń tán, èèyàn á sì tẹ ibì kan kó tó rí òmíràn. Ní 2006, Aza Raskin, ẹnì kan tó ń ṣe ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe èyí tí kì í tán, tó jẹ́ pé bí o bá ṣe ń fà á lòmíràn ń wọlé. Ní 2009, Facebook mú bọ́tìnì Like wá, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye tí wọ́n ní wọn ara wọn. Bí ọmọ bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni ìpolówó tó máa rí ṣe máa pọ̀ tó, owó iléeṣẹ́ sì nìyẹn. Torí náà, kí ẹ tó pè é ní aláìgbọ́ràn, ẹ rántí pé àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú ló ń bá jà.

Ohun tí àwọn òbí sọ fún wa pé ó ṣiṣẹ́ jù kò gba owó: kí gbogbo fóònù inú ilé, ti bàbá àti ti màmá pẹ̀lú, máa sùn ní pálọ̀, kí wọ́n máa gba iná níbẹ̀ mọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, Family Link ti Google àti Family Pairing ti TikTok lè bá yín ṣọ́ wákàtí tí ọmọ ń lò.

Ọmọkùnrin mi ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe gbé e dé iwájú rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, ó wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan lẹ́bàá Fútà, ó sanwó láti wo eré Premier League. Orúkọ iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ wà láyà àwọn agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn, ó wà lára pátákó tó yí pápá ká, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tó jókòó tì. Nígbà ìsinmi, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi tíkẹ́ẹ̀tì tó wọlé hàn án lórí fóònù. Èyí tí kò wọlé kò sẹ́ni tó ń fi hàn. Ó wọ ápù náà, wọ́n ní àwọn máa fún un ní bọ́núùsì. Ní oṣù Kẹrin 2023, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Premier League fẹnu kò pé lẹ́yìn sáà 2025/26, orúkọ iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ kò ní sí ní iwájú jẹ́sì mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì lè kọ ọ́ sí apá jẹ́sì àti sí ẹ̀gbẹ́ pápá.

Ẹ jọ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú rẹ̀. Ká ní ó mọ bọ́ọ̀lù débi pé nínú eré mẹ́wàá tó bá yàn, mẹ́fà máa ń rí bó ṣe wí. Ìyẹn kì í ṣe kékeré. Tó bá wá kó eré 10 sínú tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bọ́ sí i, nínú 1,000 irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 6 péré ló máa wọlé. Tó bá ń fi N200 ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, N200,000 ló máa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí 1,000 náà. Iléeṣẹ́ náà sì ti yọ èrè tirẹ̀ kó tó sọ iye tó máa san fún ẹni tó bá jẹ. Mo ti rí i tí ọmọ tó ń jiyàn látàárọ̀ dákẹ́ nígbà tó fi kaakulétọ̀ tirẹ̀ ṣe é. Ìṣirò tó ṣe fúnra rẹ̀ máa ń wọ̀ ọ́ lára ju ìbáwí wa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó ṣí ìwé kan, kó máa kọ gbogbo owó tó fi ta tẹ́tẹ́ àti gbogbo èyí tó jẹ fún oṣù kan. Tí kò bá tíì pé ọdún 18, kò yẹ kó ní àkáǹtì rárá; bí ó bá fi orúkọ yín tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí i, ẹ tì í. Tó bá ti pé 18, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá ibi tí ápù náà ti gbà kéèyàn dín iye tó lè fi sínú rẹ̀ kù tàbí kó ti ara rẹ̀ mọ́ta. Tí ẹ bá rí i pé ó ti ń ta nǹkan inú ilé, tó ń yáwó lórí ápù, tàbí tí owó ilé ìwé ti bá a lọ, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìbáwí. Ẹ mú un lọ rí dókítà ìlera ọpọlọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa mú un lọ tó bá ní ibà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, pé kò sí lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ mọ́ àyàfi ní Àbújá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aṣòfin tí ẹ dìbò fún sí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Oǹdó ló yẹ kí ẹ bi pé: báwo ni ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ṣe lè wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́? Ẹ bi í.

Ọtí inú ọ̀rá àti sìgá ńkọ́?

Ti sìgá yé kooro. Òfin ọdún 2015 lórí tábà kò gbà kí wọ́n polówó rẹ̀, kò gbà kí wọ́n tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì gbà kí wọ́n máa tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà la ń rí ní gáréèjì. Nígbà tí ọ̀nà ìpolówó ti dí, inú fíìmù àti fídíò orin ni èéfín ti ń jáde báyìí, ẹni tó sì ń fà á níbẹ̀ ni ẹni tí gbogbo ọ̀dọ́ fẹ́ jọ. Ní 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà kéde òfin tó lòdì sí fífi sìgá àti ògùn owó ṣe ẹ̀yẹ nínú fíìmù.

Ti ọtí inú ọ̀rá ṣì ń fa wàhálà. Ní oṣù Kejì 2024, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de ọtí inú ọ̀rá àti ti inú ìgò kéékèèké tí kò tó 200ml, wọ́n tún sún un síwájú lẹ́yìn náà. Ìdí tí ó fi kan àwọn ọmọ ni ibi tí wọ́n ń so ó kọ́ sí: lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì àti bisikíìtì, lókè orí ọmọ tí wọ́n rán wá ra màgí. Ọ̀rá náà ń dán, ó láwọ̀ mèremère, ó sì wọ àpò ṣòkòtò ilé ìwé láìfarahàn. Ẹ bá oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò yín sọ ọ́. Ó lè gbé e kúrò níwájú, nítorí òun náà ní ọmọ.

Ọmọbìnrin mi ní òun fẹ́ bóra nítorí ohun tó ń rí lórí Instagram.

Ẹ bá a jókòó, kí ẹ jọ wo àwòrán tó ń wù ú. Fíltà ti nu gbogbo ààmì ojú kúrò, iná sì mọ́lẹ̀ síwájú ẹni náà. Ẹ ní kó wo oríkèé ìka ọwọ́ tó fi di ìgò ìpara náà mú. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ṣì dúdú, bí ojú ṣe ń tàn tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wá béèrè: ta ló ni ìpara yẹn, èló ni wọ́n sì fún un kó tó ya àwòrán yìí?

Ẹ má fi ìrora rẹ̀ ṣeré. Ní 2021, ìwé inú iléeṣẹ́ Facebook tí Frances Haugen, òṣìṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀, tú síta fi hàn pé nínú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bi léèrè, tí ara wọn kò tẹ́ lọ́rùn, ìdá 32 nínú 100 sọ pé Instagram tún dá kún un. Ọmọ tó ń sọ pé òun dúdú jù kò ya aláìmoore sí Ẹlẹ́dàá. Ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ní ti ìpara fúnra rẹ̀: mẹ́kúrì máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn oògùn alágbára tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì, tó wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, máa ń sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún èèyàn, rírán rẹ̀ máa ń ṣòro, ojú ọgbẹ́ kì í sì í tètè jiná. Èyí tí wọ́n pò fúnra wọn sínú ike tí kò ní orúkọ, tí wọ́n ń pè ní ògánííkì, ló ń bà wá lẹ́rù jù, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń bóra, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò lè jáde lẹ́nu yín kó wọ ọmọ létí. Tiyín lẹ máa kọ́kọ́ dá dúró.

Ìpolówó agbo lórí rédíò ńkọ́? Ṣé rédíò lè polówó irọ́ ni?

A ò bá agbo jà. Agbo la fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Àmọ́ rédíò ń ta ààyè ni, kì í ṣe òun ló po oògùn. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà NAFDAC tí lẹ́tà L gbẹ̀yìn rẹ̀ lára ìgò agbo, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó ṣeé lò. Wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń wo àrùn tí wọ́n ní ó ń wò, wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára páálí. Agbo kan tó ní òun ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún ń fún ọkùnrin lágbára, ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín kó má fi ẹnu kàn án. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ń ra ti alágbára yìí jù, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ẹni tí ọmọ mi ń wò lórí fóònù ló ń náwó bí ẹlẹ́dà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé kó ṣe sùúrù?

Ẹ jẹ́ kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọkọ̀ ṣeé yá fún wákàtí díẹ̀, ilé ṣeé yá fún ọjọ́ kan, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ ló fún wọn ní aṣọ tí wọ́n wọ̀ kí wọ́n lè polówó rẹ̀. Àwọn tó lówó lóòótọ́ wà pẹ̀lú, àmọ́ fídíò kì í sábà fi ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ hàn.

Ibi tó ti léwu ni pé ìgbésí ayé yìí ló ń sún àwọn ọ̀dọ́ débi owó òjijì. Ní oṣù Kejìlá 2016, MMM, ètò owó ìlọ́po kan, ti ojú owó pa, ọ̀pọ̀ ilé ló sì sunkún. Ní oṣù Kẹrin 2025, CBEX tún ṣe irú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kéré jù láti rántí ti àkọ́kọ́ wà lára àwọn tó kó sí ìkejì, ọ̀rẹ́ wọn lórí WhatsApp ló sì fà wọ́n wọlé, torí ẹni tó bá mú èèyàn wá máa ń gba tirẹ̀ níbẹ̀. Òfin tuntun lórí ìdókòwò tó jáde ní 2025 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 àti owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà sórí ẹni tó bá dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kí ọmọ yín tó fowó sí ohunkóhun, kó lọ wò ó lórí ojú ewé SEC, àjọ tó ń mójú tó ìdókòwò, bóyá orúkọ iléeṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń kán an lójú pé àyè fẹ́ tán lónìí, kó jẹ́ kó tán.

Ọmọ mi fẹ́ máa ṣe síkíìtì, ó ní owó wà níbẹ̀. Ṣé kí n gbà fún un?

Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, iṣẹ́ sì ni. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ eré, tó ń yà á, tó ń gé e, tó sì ń bá oníbàárà dúnàádúrà ti kọ́ iṣẹ́ tó lè gbé e dé ibi púpọ̀. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ òfin wà fún un. Ní 2022 ni APCON àtijọ́, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà, di ARCON, òfin rẹ̀ sì kan ìpolówó orí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ ARCON gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún àwọn oníṣíkíìtì nípa rẹ̀. Tí ọmọ yín bá gbowó lórí fídíò, kó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ìpolówó ni. Àwọn tó ń wò ó jẹ́ ọmọdé bíi tirẹ̀, wọ́n sì fọkàn tán an. Tí kò bá tíì pé 18, ẹ̀yin lẹ máa ka ìwé àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ẹ sì jọ sọ ọ́ ṣáájú ohun tí kò ní polówó láé, iye yòówù kí wọ́n mú wá: tẹ́tẹ́, ìpara abóra, ètò owó ìlọ́po. Àdéhùn tí ẹ bá ṣe kí owó tó dé ló máa ń dúró.

Ṣé ìpolówó òṣèlú náà ń mú àwọn ọ̀dọ́?

Ó ń mú wọn. Kí ìbò gómìnà ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 2024 tó dé, àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó rí fídíò, orin àti àwòrán olùdíje lórí fóònù wọn. Èyí tó ní orúkọ ẹgbẹ́ lára kò ṣòro mọ̀. Èyí tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ tàbí gbajúmọ̀ kan ló ń sọ ọ́ bí ẹni pé tinú rẹ̀ ni, òun ló yẹ ká bi pé ta ló fún un lówó. Òfin ìbò ti 2022, tí wọ́n fi dì í, sọ pé ìpolongo gbọ́dọ̀ dúró ní wákàtí 24 ṣáájú ọjọ́ ìbò. Ẹni tó bá ṣì ń fi ìpolongo ránṣẹ́ ní òru ìbò ń tàpá sí òfin.

Tí mo bá rí ìpolówó tí kò yẹ kí ọmọdé rí, ibo ni mo lè fẹjọ́ sùn?

Ó sinmi lórí ohun tó jẹ́. Ìpolówó tó ń tannijẹ lórí pátákó tàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ARCON. Èyí tó jáde lórí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n, NBC. Òfin wọn kò gbà kí ìpolówó ọtí wà nínú ètò àwọn ọmọdé. Oúnjẹ, ìpara àti oògùn, NAFDAC. Bí wọ́n bá ti rẹ́ yín jẹ nínú ọjà tí ẹ rà, FCCPC. Bí ọ̀rọ̀ bá kan dátà ọmọ yín, NDPC. Iṣẹ́ àwọn àjọ wọ̀nyí kì í ṣe kékeré: ní 2024, FCCPC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta tó ni Facebook àti WhatsApp.

Ẹ ya àwòrán ohun tí ẹ rí lójú fóònù. Tó bá jẹ́ rédíò, ẹ kọ orúkọ iléeṣẹ́ náà, ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Ẹjọ́ tí kò ní aago kì í rìn jìnnà.

Ṣé kò sí ohun rere kankan nínú gbogbo rẹ̀?

Ó wà, ó sì pọ̀. Nípasẹ̀ ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ bàbá wa fi kọ́ èdè tiwọn kà láti ìgbà Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Lónìí, ọmọ yunifásítì ní Oǹdó tó ń pa aró lè ta àdìrẹ rẹ̀ lórí WhatsApp láìsan owó ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ ń kọ́ ìṣirò lórí YouTube ju bí a ṣe rò lọ. Ìdí tí a fi ń sọ̀rọ̀ náà nìyí: a fẹ́ kí wọ́n máa lò ó, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe ọjà.

Ṣé kò ní dáa kí n kúkú gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀?

Fún ọmọ ọdún 9, bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ohun tó fẹ́ fi ṣe. Fún ọmọ ọdún 16, ó máa rí ti ọ̀rẹ́ lò, ohun tó bá sì rí níbẹ̀, kò ní sọ ọ́ fún yín mọ́. Ìyẹn gan-an ni àdánù. Ọmọ tó bẹ̀rù pé wọ́n máa gba fóònù kì í sọ ọ́ nígbà tí ẹnì kan bá ń fi àwòrán ìhòòhò halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí nígbà tí owó ilé ìwé bá ti wọ tẹ́tẹ́.

Ẹ dín in kù, ẹ fi aago sí i, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀nà sísọ̀rọ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ ṣèlérí fún un pé ohunkóhun tó bá wá sọ fún yín fúnra rẹ̀, ẹ ò ní torí rẹ̀ gba fóònù. Kí ẹ sì mú ìlérí náà ṣẹ, pàápàá lọ́jọ́ tó bá ṣòro.

Ọ̀dọ́ kan béèrè: ẹ̀yin àgbà náà ń tẹ fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ń ta Bàbá Ìjẹ̀bú, ẹ ń gba ìròyìn èké WhatsApp gbọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwa nìkan ni ẹ ń bá wí?

Òótọ́ lo sọ, ọmọ wa, a ò sì ní yí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pàdánù sínú MMM jẹ́ òbí. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ ìyanu àti agbo èké ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìdílé ní aago márùn-ún àárọ̀ kì í ṣe ọmọdé.

Ìyàtọ̀ tó wà ni pé wọ́n ń fi owó wá yín kiri ju àwa lọ. Olówó ọjà mọ̀ pé ọtí, ọṣẹ tàbí báńkì téèyàn bá yàn ní ọmọ ọdún 18, ó lè máa lò ó títí dọjọ́ ogbó. Ẹ̀yin ni wọ́n ń du. Torí náà, bí ìyá rẹ bá ní kí o gbé fóònù sílẹ̀, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ẹ jọ gbé e sílẹ̀. Bí bàbá rẹ bá fi ìròyìn kan ránṣẹ́ tó dà bí irọ́, bá a wá orísun rẹ̀, kí o sì sọ ọ́ fún un ní kọ̀rọ̀, má ṣe é lójú gbogbo ẹbí. Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ náà jù wọ́n lọ, wọ́n sì nílò rẹ níbẹ̀.